Oòrùn Ìlíṣàn Nínú Bàálù

Kò sí ìyá ọmọ kan ní Ìlíṣàn tí Alàgbà Olúsànyà kò tíì kọ́ bí a ti ń tọ́ ọmọ. Oṣooṣù ni ó máa ń dúró níwájú àwọn obìnrin ìjọ Ọjọ́ Keje, pẹ̀lú táì lọ́rùn àti áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́, tí yóò máa là á yé wọn pé ọmọ tó ń sunkún, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́kún. "Ọmọ kì í dédé sunkún," ni yóò wí. "Ìyá tó bá létò, ọmọ rẹ̀ á létò." Àwọn obìnrin á mi orí. Àwọn tí ọmọ wọn ń sunkún lọ́wọ́ á rọra dìde, wọ́n á bọ́ síta. Alàgbà fúnra rẹ̀ ní ọmọ kan, Pamílẹ́rìn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gbé e pẹ́ ju ìgbà tí onífọ́tò fi ń sọ pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Lydia ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e, Lydia ló ń pọ̀n ọ́n, Lydia náà ló sì ń jókòó síwájú láti fetí sí ẹ̀kọ́ bí a ti ń tọ́ ọmọ.

Ohun kejì tí gbogbo èèyàn mọ Alàgbà mọ́ ni oòrùn. Òun ni olùṣọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ tirẹ̀ kì í dúró de òwúrọ̀ Sátidé kí wọ́n tó sinmi. Bí oòrùn Fúráìdé bá ti wọ̀, ó parí. Iṣẹ́ dúró nìyẹn, ọjà dúró, rédíò dákẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé wọ àpótí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Alàgbà á dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀, á máa wo oòrùn bó ṣe ń rọ̀ sẹ́yìn àwọn igi obì, bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bó bá ti wọ̀ tán, á lọ lu agogo ìjọ. Lọ́jọ́ kan, Ojúọlá tó ń din òjòjò létí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ da èyí tó kẹ́yìn sínú epo nígbà tí agogo dún. Alàgbà dúró tì í títí ó fi kó òjòjò náà jáde láìjinná, tó sì da epo gbígbóná sílẹ̀. Ojúọlá kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ náà. Ìjọ Aládúrà ni ó ń lọ ní tirẹ̀, aṣọ funfun ló ń wọ̀, àmọ́ ilẹ̀ ìjọ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjọ wá yan Alàgbà, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé wọn, pé kó lọ kàwé sí i fún ọdún méjì ní Amẹ́ríkà, kí ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ, gbogbo Ìlíṣàn bá wọn yọ̀. Ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn ló dàríyànjiyàn. Ìyá Alàgbà, Ìyá Àwẹ̀ró tó ń gbé Òde Rẹ́mọ, ti ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun. Ó ti tún yàrá ṣe, ó ti ra ọmọ ewúrẹ́ kan tí wọ́n á jọ máa ṣeré. Alàgbà rò ó síwá sẹ́yìn, ó rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀nà jìn, ọmọdé kò mọ nǹkan kan, yóò kàn fi ẹkún dójú tì wọ́n láàárín àwọn òyìnbó ni.

Lydia kọ̀. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n èyí, ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Wọ́n ti fi òun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ní Ijoku, lọ́wọ́ ìyá àgbà, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà tọ́jú rẹ̀, kò fi nǹkan kan dù ú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá tó bí i padà dé, tó na ọwọ́ méjèèjì sí i, Lydia sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ó sì kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, Àńtí." Ó ṣì rántí bí ojú ìyá rẹ̀ ti rí. Títí ìyá náà fi kú, àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí wọn ì bá máa bá ara wọn sọ. Ẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ba Lydia, ó sì ń bà á gidigidi.

"Ó dáa," ni Alàgbà wí nígbẹ̀yìn, bí adájọ́. "A ó mú un dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi Akínlabí ló máa pàdé wa níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti sinmi ká tó kọjá. Àwọn náà ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Bí ọmọ yìí bá jókòó jẹ́ẹ́ láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ń bá wa lọ Amẹ́ríkà. Bó bá fi ẹkún dójú tì wá, ẹ̀gbọ́n mi á mú un padà wá fún Ìyá. Ìdánwò ni. Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà," ni Lydia wí, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fún un láti gbà.

Ẹ̀yin ẹ wo irú ìdánwò yẹn. Ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé ìdánwò ń bẹ, ẹni tó sì mọ̀ kò lè bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Lydia, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, kó ohun èlò rẹ̀ jọ sínú àpò kan. Ó da ẹ̀wà gbígbẹ sínú agolo mílíìkì, ó sì dí i pa. Ó sín bọ́tìnnì ògbólógbòó pọ̀ mọ́ okùn. Ó rán ọmọláńgidi kan láti ara àjákù aṣọ. Ó din ìpékeré. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọmọ àti àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ takisí kiri. Á wọkọ̀ láti Ìlíṣàn dé Ìkẹnnẹ́, láti Ìkẹnnẹ́ dé Ṣàgámù, á sì tún bá ọkọ̀ kan náà padà, pẹ̀lú ọmọ lórí itan, kó lè mọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó sú ọmọ. Agolo ẹ̀wà máa ń gbé wọn dé Ìkẹnnẹ́. Bọ́tìnnì ń tó wọn dé Ṣàgámù bí ọ̀nà bá dára. Nígbà tó ṣe, awakọ̀ kan kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ má bínú o, ibo gan-an lẹ ń lọ?"

"Amẹ́ríkà ni," ni Lydia wí. Awakọ̀ náà kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi dé gáréèjì.

Inú oṣù Júùnù ni wọ́n lọ, ní Fúráìdé. Àárọ̀ ló yẹ kí bàálù gbéra, kí wọ́n lè gúnlẹ̀ kí Ìsinmi tó wọlé, nítorí Alàgbà kì í rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òjò Júùnù kì í bi alàgbà kó tó rọ̀. Ó rọ̀ sórí Ìkẹjà láti ìdájí, ààrá ń sán lé ara wọn, gbogbo bàálù sì dúró sójú kan bí adìyẹ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, ó ti ń lọ sí ìyẹ̀tàrí, kí tiwọn tó gbéra nílẹ̀.

Ìjókòó mẹ́ta ló tò síra wọn. Alàgbà mú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lydia wà láàárín pẹ̀lú Pamílẹ́rìn lórí itan. Ẹni tó jókòó sí ìta ni ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, olóbì láti Ṣàgámù, tó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ulé ọmọ mi ni mò ń lọ," ni ó wí lédè Rẹ́mọ tirẹ̀, "kí òyìnbó má lọ fi omi tútù pa ìkókó fún mi." Alàgbà gbọ́ pé ọmọ ni ọ̀rọ̀ dá lé, kò jáfara. Kí bàálù tó rìn dé ibi tó ti máa sáré, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Alhaja bí a ti ń tọ́ ọmọ tí kì í fi í sunkún. Alhaja bí ọmọ méje, ó sì wẹ ọmọ-ọmọ tí kò níye. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. "Ẹ ṣeun, Alàgbà," ni ó wí nígbà tó parí. "Ẹ̀yin fúnra yín, ọmọ mélòó lẹ ti pọ̀n?" Alàgbà ní ọ̀rọ̀ ìlànà lòun ń sọ.

Nígbà tí bàálù gbéra, tí etí gbogbo èèyàn ń dí, Lydia fi ọ̀pá ìrèké tín-ín-rín tó ti bó sí ọmọ lẹ́nu, òun di ìdí rẹ̀ mú, ọmọ sì ń fà á mu. Àwọn ọmọ tó kù nínú bàálù figbe ta. Pamílẹ́rìn ń wo wọ́n bí àgbà tó ń wo àwọn ọmọ ìta.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Agolo ẹ̀wà gbé wọn kúrò lórí ilẹ̀ Yorùbá. Bọ́tìnnì gbé wọn wọ aṣálẹ̀, Lydia ń kọ ọ́ lórin, orin tó ń hun bó ṣe ń lọ, bọ́tìnnì pupa lọ sóko, bọ́tìnnì dúdú ń sunṣu, ta ni yóò jẹ níbẹ̀. Nígbà tí bọ́tìnnì sú ọmọ, Lydia da aṣọ borí, ó yọjú, ó tún dà á borí. Ó kà á ní ìka ẹsẹ̀. Ọmọ rí irun òyìnbó tó wà níwájú wọn, ó nawọ́ fà á. Òyìnbó náà yíjú padà, ó rí ọmọ tó ń fi eyín mẹ́jọ rẹ́rìn-ín sí i, ó sì tún gbé orí rẹ̀ wá fún un. Lydia fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, ó dìde sí ojú ọ̀nà, ó ń rọra jùdí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń tọ́jú èrò wá bi í bóyá inú ló ń run ún.

Ní gbogbo àkókò yìí, Alàgbà ń fi apá kan ojú wò wọ́n bí olùṣọ́ ìdánwò. Bí ọmọ bá mí kanlẹ̀, á gbọ́rùn sókè. Bí Lydia bá rẹ́rìn-ín jù, á wúkọ́. Kò bá wọn dá sí i, kò gba ọmọ mú kí ìyàwó rẹ̀ lè jẹun. Oúnjẹ Lydia tutù sórí pẹpẹ kékeré iwájú rẹ̀, Alhaja ló wá bá a di ọmọ mú kó tó fi ṣíbí kan ẹnu. Ẹ̀yìn ń ro ó, apá rẹ̀ ti kú tipiri. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, nítorí ọmọ kò sunkún. Ọ̀nà ti lọ jù, ó ku díẹ̀, ìpékeré ṣì wà nínú àpò, ọmọláńgidi náà kò tíì yọjú rárá. Ó ti ń wò ó pé òun ti gba ọmọ òun.

Aago méje ń lọ lù nígbà tí Alàgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀, tó wo fèrèsé, tó tún wo aago. Ó gbọn aago náà, ó gbé e sétí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó fa ìbòjú fèrèsé wálẹ̀ gbàgà.

"Ìsinmi ti wọlé," ni ó wí. "Ẹ káàbọ̀ sínú Ọjọ́ Ìsinmi. Lydia, palẹ̀ ohun ìṣeré mọ́."

Lydia wo ìbòjú náà. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ. Ní fèrèsé àwọn tó wà níwájú àti lẹ́yìn, oòrùn ń ràn kòò, ó ń dán lára apá bàálù.

"Bàbá Pamí," ni ó rọra wí, "oòrùn ṣì wà níta."

"Oòrùn ibòmíràn nìyẹn," ni Alàgbà dá a lóhùn. "Ti Ìlíṣàn ti wọ̀. Ìsinmi Ìlíṣàn ni mo gbé wá láti ilé, òun náà ni mo máa pa mọ́."

Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù fara balẹ̀ yí ọrùn padà. "Alàgbà, ṣé oòrùn méjì ló wà ni? Èmi náà ń dúró dè é kó wọ̀ kí n lè kírun mọ̀ngáríbà. Mo wò ó, kò wọ̀, mo jókòó."

"Ìyá, ẹ̀sìn yín yàtọ̀ sí tiwa."

"Ẹ̀sìn ni mo mọ̀ pé ó yàtọ̀," ni Alhaja wí.

Alàgbà na ọwọ́ sórí itan Lydia. Ó gba agolo ẹ̀wà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ń mì ín lọ́wọ́ ni, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Alàgbà yọ ìka kékeré náà kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ agolo sínú àpò, ó kó bọ́tìnnì tì í, ó so ẹnu àpò, ó sì fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ìpékeré kò burú, àmọ́ ó wà nínú àpò, ẹnu àpò sì ti di síso.

Pamílẹ́rìn wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn kò kọ́kọ́ jáde, gbogbo ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó jáde, ó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ bàálù. Lydia gbé e mọ́yà, ó kọ orin ìjọ sí i létí. Ọmọ na ara gbọnrangandan. Lydia fẹ́ pọ̀n ọ́n; iná orí ìjókòó ti tàn, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn so bẹ́líìtì mọ́ra nítorí atẹ́gùn. Òyìnbó iwájú tó ti yọ̀ǹda irun rẹ̀ di etí.

Alàgbà mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Mo wí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Mo wí, o ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á mú un padà fún Ìyá. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Alhaja ní, "Alàgbà, ẹ ṣàánú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ fún ọmọ ní agolo rẹ̀."

"Òfin ni, Ìyá. Kì í ṣe èmi."

Lydia rí Òde Rẹ́mọ lójú inú, ó rí ọmọ ewúrẹ́, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sá sẹ́yìn ìró ẹlòmíràn. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ti pọ̀ tó níbẹ̀. Ìbínú ló wá dípò rẹ̀, irú èyí tí kì í pariwo, èyí tó máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn mọ́ kedere. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Pamí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. Ṣé Ìsinmi ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bó ṣe dá mi lójú pé mo jókòó síbí."

"Ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, tí oòrùn wọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan ń bẹ̀ yín pé ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí lẹ sọ fún un?"

Ojú Alàgbà tàn díẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn bí ẹnikẹ́ni bá rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo ní ìdánwò kì í wọnú Ìsinmi. Mo ní ohun tó ti ṣe kí oòrùn tó wọ̀ ni a ó fi gbé e yẹ̀ wò. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á."

"Ẹ ṣeun," ni Lydia wí. "Kí oòrùn yín tó wọ̀, ṣé Pamílẹ́rìn sunkún?"

Alàgbà tún gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sétí.

"Bí Ìsinmi bá ti wọlé, ìdánwò ti parí, ọmọ mi ti yege, ẹkún tó ń sun báyìí kò kan ẹnì kankan. Bí kò bá tíì wọlé, ẹ fún un ní agolo rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Alàgbà wo ìbòjú fèrèsé, ó wo àpò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti sọ pé Ìsinmi kò tíì wọlé, lẹ́yìn tó ti kí i káàbọ̀ létí gbogbo èrò? Òun tó da epo Ojúọlá sílẹ̀? Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù ti fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ kò dákẹ́ láti fún un láàyè kó ronú.

"Ìsinmi ti wọlé," ni Alàgbà wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Lydia gbé ọmọ kúrò lórí itan ara rẹ̀, ó gbé e lé ti ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ Alàgbà méjèèjì yí ọmọ náà ká bí a ti ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní bí a ti ń mú lẹ́ẹ̀dì.

"Kí lèyí?"

"Ìsinmi ni. Iṣẹ́ ti dúró. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ agogo yín, iṣẹ́ gbogbo ayé ló ń dúró, tèmi nìkan ni kì í gbọ́ agogo. Lónìí ó gbọ́."

Ó fẹ̀yìn tì, ó pa ojú dé. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò mọ ibi tí ì bá gbé e sí. Ó gbé e lé itan, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Alàgbà kọ́kọ́ pàṣẹ. "Pamílẹ́rìn, dákẹ́." Ọmọ fi ẹsẹ̀ gbá a nínú. Ó gbàdúrà, ọmọ gba awò ojú rẹ̀, ó jù ú sórí òyìnbó iwájú. Ó kọ orin ìjọ, ẹsẹ kìíní dé èkẹta, ṣùgbọ́n ohùn orin Alàgbà, ẹni tó ti gbọ́ ọ rí kò ní dá ọmọ lẹ́bi. Òógùn bò ó. Ó wo Alhaja pẹ̀lú ojú ẹ̀bẹ̀.

"Àwọn ìlànà yẹn, Alàgbà," ni Alhaja wí, ara rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. "Mò ń wò yín o. Mo fẹ́ kọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi."

Níbi tí ọmọ ti ń jà ràpàràpà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ba etí ìbòjú fèrèsé. Ó tì í. Ìbòjú gòkè díẹ̀, oòrùn sì rọ́ wọlé lù wọ́n lójú, ó sọ gbogbo iwájú orí Alàgbà di wúrà. Ẹkún dúró láàárín ọ̀nà. Ọmọ wo oòrùn. Ó fa ìbòjú wálẹ̀, ilẹ̀ ṣú. Ó tì í sókè, ilẹ̀ mọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ bóyá ó rí ohun tí òun rí.

Alàgbà na ọwọ́ láti dá a dúró. Ọmọ ké ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Alàgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Oòrùn yọ, oòrùn wọ̀. Ìsinmi wọlé, Ìsinmi jáde. Lókè ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń fò kọjá, láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ iṣu kan, iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí Alàgbà Olúsànyà ju èyí tó kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń lu agogo lọ.

"Alàgbà," ni Alhaja wí, "mọ̀ngáríbà mélòó ni kí n ti kí báyìí?"

Ìbòjú náà le díẹ̀, ọwọ́ ọmọ kò ká a dé òkè, Alàgbà sì ti ń fi ìka kan bá a tì í. Nígbà tó ṣe, Lydia gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn wẹ́wẹ́, tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọkọ. "Ó ti lọ o. Oòrùn ti lọ. Níbo ló wà? Hẹ̀n-ẹ́n, òun nìyí." Ọmọ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Lydia kò la ojú. Inú rẹ̀ dùn, owú díẹ̀ sì jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rín yẹn, òun nìkan ló ti ń gbà á láti ọjọ́ yìí. Kó tó mọ̀, oorun gidi ti gbé e lọ.

Alhaja ló jí i nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Ó fọwọ́ gbá a nítan, ó sì rìn lọ wá ibi tí yóò ti kírun, nítorí oòrùn ti ń rọ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Akínlabí, tí Alàgbà ti kọ̀wé ìdánwò náà sí, ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà àbájáde, ọkùnrin ńlá kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Ó dì mọ́ Lydia, ó wo Alàgbà. Pamílẹ́rìn ti sùn lọ fọnfọn ní èjìká bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí, itọ́ ti rin táì Alàgbà títí dé ìdí. Kò sí awò lójú Alàgbà. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ní bàtà, èkejì kò ní.

"Èyí tí mò ń gbé lọ fún Ìyá nìyí?" ni Akínlabí wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ.

Alàgbà yí èjìká kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Ṣé kò dójú tì yín? Ṣé kò sunkún?"

Alàgbà kì í purọ́, pàápàá jù lọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Kí ilẹ̀ tó ṣú," ni ó wí, "kò sunkún rárá."

Akínlabí wo ìta láti ojú dígí. Oòrùn ṣì wà lórí àwọn òrùlé, ó pọ́n, ó gbòòrò, gbogbo ilẹ̀ mọ́ kedere. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wá wo Lydia pé kó bá òun túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n wa," ni Lydia wí. "Àwa mẹ́ta la wá bá yín. Àwa mẹ́ta náà la ń lọ Amẹ́ríkà."

Alàgbà kò bá a jiyàn. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ má lọ jí.